Ta Ló Ni Rédíò Yẹn? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Kan láti Ìkòròdú

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Ìkòròdú nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1993, nígbà ìwọ́de June 12, wọ́n yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Òjótà. Ọmọ ogún ọdún ni. Iṣẹ́ rédíò ló ń kọ́ ní Sábó, rédíò oníbàárà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ fún ẹni tó ni ín ló sì há sí abíyá lọ́jọ́ náà. Lóṣù tó kọjá, èmi àti Màmá ń wo eré àtìgbàdégbà kan lórí tẹlifíṣọ̀n, eré ìgbà June 12. Wọ́n fi ọmọkùnrin kan hàn tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù, tó jí rédíò, tó ń sá lọ, ni sójà bá yìnbọn fún un. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọn ò sunkún. Nígbà tí eré parí, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, ‘Ta ló ni rédíò yẹn gan-an?’ Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bi mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ eré pé àròsọ ni, pé bó bá jọ ẹnikẹ́ni, àkọsẹ̀bá ni. Ṣé ìyẹn tó? Ṣé kò yẹ kí ìjọba fòfin de irú eré bẹ́ẹ̀? Kí la lè ṣe?”

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún 1993 ti jìnnà lójú ẹni tí kò pàdánù ọmọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú Màmá, àná ni. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mú bírò. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí, àmọ́ èyí tó ń dùn yín jù kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá tó mọ ọmọ rẹ̀ bí ẹni mọ owó, tó ti mọ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún pé wọ́n pa ọmọ òun láìṣẹ̀ láìrò, eré wákàtí kan ti kó iyèméjì bá a. Wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrántí ọmọ náà ni wọ́n wá fọwọ́ kàn báyìí. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìwé eré fún tẹlifíṣọ̀n, tí mo sì ń bá àwọn ọ̀dọ́ tún tiwọn ṣe kí wọ́n tó gbé e lọ sí lókéṣọ̀n. Mi ò ní gbèjà àwọn ẹgbẹ́ mi níbi tí wọ́n ti ṣe ohun tí kò dáa, mi ò sì ní purọ́ mọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àkọlé yẹn kúrò lọ́nà. Lọ́yà ló máa ń ní ká kọ ọ́. Ohun tó ń sọ kò ju pé a ò fi ẹnì kan pàtó ṣe àwòkọ, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ́ wa lọ sí kóòtù. Kò sọ pé June 12 kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá kọ “Èkó, 1993” sójú tẹlifíṣọ̀n, tó dáná sun táyà sáàárín títì, tó wọ àwọn èèyàn láṣọ sójà, tó sì jẹ́ ká máa gbọ́ ìkéde pé wọ́n ti fagi lé ìbò, ó ti yá òótọ́ lò kí èèyàn lè jókòó ti eré rẹ̀. Gbèsè ló jẹ yẹn, ìlà kan níbẹ̀rẹ̀ eré kò lè san án. Nítorí náà, rárá o, kò tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé àròsọ fúnra rẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1979, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì gbé eré Amẹ́ríkà kan jáde, Holocaust, lórí bí ìjọba Hitler ṣe pa àwọn Júù. Ìdílé Weiss tí eré náà dá lé, òǹkọ̀wé ló dá wọn sílẹ̀, kò sí wọn láyé rí. Elie Wiesel, tí òun fúnra rẹ̀ la Auschwitz já, bínú sí eré náà gidigidi. Ó ní wọ́n ti sọ ọ̀ràn tó kọjá ẹnu sísọ di eré àtìgbàdégbà. Mi ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn. Síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù ogún èèyàn ló wò ó ní Jámánì, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn òbí wọn léèrè ohun tí wọ́n ṣe nígbà ogun, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún kan náà, ilé aṣòfin wọn mú gbèdéke ọdún kúrò lórí ẹjọ́ ìpànìyàn, kí wọ́n lè máa bá àwọn apànìyàn ìgbà náà ṣẹjọ́ lọ. Àròsọ làwọn tí wọ́n pa nínú eré yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó pa wọ́n wà níbi tó yẹ kó wà.

Ibẹ̀ lèmi dúró sí. Òǹkọ̀wé lè dá èèyàn sílẹ̀, ó lè dá ìfẹ́ sílẹ̀, ó lè fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹni tí kò sọ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó ni ín lọ sọ́rùn ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo eré tí ẹ rí. Mi ò wò ó o, ohun tí ẹ kọ sí mi ni mo ń bá lọ. A dìbò ní June 12, ìjọba ológun Babangida fagi lé e ní June 23. Lọ́jọ́ Ajé, July 5, ẹgbẹ́ Campaign for Democracy tí Dókítà Beko Ransome-Kuti ṣáájú rẹ̀ pe àwọn ará Èkó síta. Ẹni tó bá gba Ìkòròdú Road lọ́sẹ̀ yẹn kò ní gbàgbé òórùn táyà. Sójà jáde, wọ́n yìnbọn, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn sì kà á pé àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ tún ni pé àwọn jàǹdùkú fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ẹrù ẹlẹ́rù. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín torí pé inú ń bí yín. Eré tó bá fi olè hàn kò tíì purọ́. Ibi tí irọ́ ti wọlé ni pé ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fi hàn wá pé sójà pa, olè ni. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà yóò wò ó, yóò ní, áà, àwọn olè ni wọ́n yìnbọn fún. Ọta ìbọn ti wá di ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀bi sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbé ìbọn, ó ti dọwọ́ ẹni tó gbé rédíò.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń jà sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé iṣẹ́ JTBC ní Gúúsù Korea bẹ̀rẹ̀ eré kan tó ń jẹ́ Snowdrop; àwọn ọmọ yín tó bá ń wo eré Korea á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé e sí ọdún 1987, ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú ibẹ̀ wọ́de títí ìjọba fi gbà kí aráàlú máa dìbò yan ààrẹ fúnra wọn. Nínú eré náà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ bò pa mọ́ sílé tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé. Ó rò pé ajìjàgbara ni, àṣé amí Àríwá Korea ni. Ẹni tí kò mọ ìtàn á ní eré ìfẹ́ lásán ni, kí ló wà ńbẹ̀? Àmọ́ irọ́ tí ìjọba ìgbà náà fi ń bo ìkà wọn mọ́lẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n á gbé akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ní amí ni, wọ́n á dá a lóró. Ní oṣù Kìíní ọdún 1987 yẹn kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Park Jong-chul, kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá níbi tí wọ́n ti ń ri orí rẹ̀ bọ omi; ohun tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn kàn gbá tábìlì ni, ó sì kú. Kí Snowdrop tó jáde rárá ni wọ́n ti yí orúkọ ọmọbìnrin inú rẹ̀ padà, torí pé ó jọ orúkọ ajìjàgbara gidi kan. Nígbà tó jáde, ó lé ní 300,000 èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá a dúró, àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń polówó sínú rẹ̀ sì yọ ara wọn. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù kọ̀, eré sì parí ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Èmi fara mọ́ kóòtù. Mo sì fara mọ́ àwọn tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí irọ́ tí wọ́n fi pa ọmọ ọlọ́mọ kò yẹ ní ohun tí a ó fi ṣe adùn ìtàn nígbà tí ìyá ọmọ náà ṣì lè máa wò ó.

Kí ló wá ń fà á tí ẹ̀bi fi máa ń ṣí kúrò níbi tó wà? Ẹ ó rò pé ìkà ni, tàbí pé ìjọba ló fún wọn lówó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, àmọ́ èyí tí mo fojú ara mi rí, owó ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́wàá tó gbé igi àti òkúta, ẹ fún wọn ní jọ̀lọ́ọ̀fù àti omi, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ológun kan, aṣọ sójà ogójì, ìbọn tí kò jọ ti ọmọdé, títì tí wọ́n á bá wa dí láti àárọ̀ dalẹ́, ìyẹn lè gbé owó apá mẹ́ta eré mì. Ẹni tó bá sì fẹ́ ya eré nínú bárékè, ọ̀dọ̀ ológun ló ti máa tọrọ àyè, ẹni tí wọ́n bá sì wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nípa òun. Báyìí ni ìwé eré á ṣe máa ti ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé bọ́ sọ́dọ̀ aṣagbátẹrù, láti ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ olùdarí, sójà á máa dín, jàǹdùkú á máa pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá máa fi gbé kámẹ́rà, ogójì sójà tó ń yìnbọn sáàárín èrò ti di sójà kan tó ń lé olè kan. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé òun fẹ́ ba orúkọ òkú jẹ́. Ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ sì nìyẹn.

Òfin náà tún wà ńbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ẹni tó ni orúkọ ló ni ín, tó bá kú, ó bá a lọ. Nígbà tí lọ́yà ilé iṣẹ́ bá ń ka ìwé eré, gbogbo ọ̀gágun tó ṣì wà láàyè ló máa fi bírò pupa yí ká. Kò ní fi í yí ọmọ iṣẹ́ rédíò tó kú ní Òjótà ká láé, torí pé ẹni yẹn kò lè dìde wá pè é lẹ́jọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ alààyè nìkan ló lè rojọ́ níbẹ̀. Èyí tó kù ni pé eré ń wá ojú. Àṣẹ kò lójú. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nínú ọ́fíìsì kò ṣeé wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọkùnrin tó ń sáré, tí òógùn bò, tí ẹrù wà lábíyá rẹ̀, ìyẹn ṣeé wò.

Èmi náà ti ṣe é rí, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, January 27, 2002, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú nínú bárékè Ìkẹjà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó sínú odò kánààlì Òkè-Àfà nígbà tí wọ́n ń sá àsálà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo kọ apá eré kan lórí rẹ̀. Mo nílò ojú, ni mo bá dá ìyá ọlọ́jà kan sílẹ̀, tó rù igbá, tó ń fi èjìká ti àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà etí kánààlì, tí àwọn ọmọ náà sì já sómi. Gbogbo wa yìn ín pé ìran náà gbóná. Oṣù kan lẹ́yìn tó jáde, níbi ìkómọ kan ní Ìgbógbo, wọ́n mú obìnrin kan wá jókòó tì mí. Ọmọ méjì ló fà lọ́wọ́ sá lọ sí Òkè-Àfà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan ló mú délé. Kò pariwo mọ́ mi. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí aṣọ tábìlì, ó rọra ń fà á lọ fà á bọ̀, ó ní, “Ewé ló bo omi, bàbá. Ilẹ̀ ti ṣú, ewé sì tẹ́ pẹrẹsẹ báyìí. A rò pé ilẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ti ẹnikẹ́ni.” Mi ò lè jẹun mọ́. Àwọn tó kó bọ́ǹbù jọ sáàárín ìlú ni ẹ̀bi wà lọ́rùn wọn, èmi wá gbé e lé orí obìnrin kan tó ń sá fẹ́mìí bíi ti gbogbo èèyàn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ ilé iṣẹ́ tó ni eré pé kí wọ́n yọ ìran yẹn kí wọ́n tó tún un fi hàn. Wọ́n ní owó ti tán lórí ẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ní ti kí ìjọba fòfin dè é, mi ò gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ wo ẹni tí ọ̀bẹ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2014, fíìmù tí wọ́n fi ìwé Half of a Yellow Sun ṣe, lórí ogun Biafra, yẹ kó jáde ní oṣù Kẹrin; àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kò tètè fọwọ́ sí i, oṣù Kẹjọ ló tó jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé díẹ̀ nínú rẹ̀. Láti sáà 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, ó sì pẹ́ kó tó padà. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa, tó ṣèwádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀ nígbà ìjọba ológun, jókòó, gbogbo wa rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí àwọn èèyàn ṣe ń sunkún síwájú wọn, wọ́n gbé ìwé àbọ̀ kalẹ̀ ní 2002, ìjọba kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọdún 2025 ni Babangida fúnra rẹ̀ tó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé Abíọ́lá ló wọlé. Ìjọba tó pẹ́ báyìí kó tó lè sọ òótọ́ kan, òun kọ́ ni n ó fún ní àṣẹ láti máa yan ìtàn tí a lè sọ. Bí wọ́n bá gba eré lọ́wọ́ wa, kí ló kù tí àwọn ọmọ yóò fi mọ̀?

Eré tó dáa sì lè ṣe ohun tí ìwé ìròyìn kò lè ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, tẹlifíṣọ̀n ITV ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi alẹ́ mẹ́rin ṣe eré lórí àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké, tí ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò òdì sọ pé owó dín lọ́wọ́ wọn. Ó lé ní 900 nínú wọn tí kóòtù dá lẹ́bi olè àti jìbìtì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníròyìn ti ń kọ ọ́. Lẹ́yìn eré yẹn, kí oṣù Karùn-ún tó parí, ilé aṣòfin ti ṣe òfin tó pa ìdálẹ́bi ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀ràn kàn gan-an ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé eré kan mú orúkọ olè kúrò lára aláìṣẹ̀, èyí tí ẹ̀yin wò wá gbé e wọ ẹ̀gbọ́n yín.

Ó tún ń ká mi lára nítorí tilé wa níbí. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò ṣe eré lórí Badoo, àwọn apànìyàn tó da Ìkòròdú láàmú, ó ṣeé ṣe kó ti wà lórí tábìlì ẹnì kan báyìí. Gbogbo wa rántí 2017, bí a ṣe ń sùn ní ojú kan, tí a ń gbọ́ pé wọ́n ti fi ọmọ ọlọ fọ́ orí ìdílé kan mọ́ inú ilé. A tún rántí pé àwọn ará àdúgbò dáná sun àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ torí pé wọ́n fura sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìyẹn, kó wá jókòó ti wa ní Odógúnyàn kó tó kọ ọ́.

Kí lẹ lè ṣe? Kò pọ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ẹ má náwó lọ́yà. Mo ti sọ bí òfin ṣe rí, àti pé ọmọkùnrin inú eré yẹn lè má jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín rárá. Rédíò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ olè ìgbà náà, òǹkọ̀wé lè rò ó fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti apá tí ẹ wò sílẹ̀, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà àti sí aṣagbátẹrù eré. Ẹ má ní kí wọ́n gbé eré wọn sọnù, wọn ò ní dá yín lóhùn. Ẹ tọ́ka sí ìran yẹn, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ẹni tí wọ́n pa, kí ẹ béèrè pé kí wọ́n tún ìran náà tò kí wọ́n tó tún un fi hàn, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n níparí rẹ̀ pé sójà pa àwọn tí kò jalè. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NBC, torí pé àwọn ló ń bójú tó ohun tó ń jáde lórí afẹ́fẹ́. Mi ò lè ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni máa dáhùn. Mo mọ̀ pé lẹ́tà ẹnì kan tó dárúkọ òkú rẹ̀ máa ń pẹ́ lórí tábìlì òǹkọ̀wé.

Ti Màmá ló kù, ìyẹn ló sì ká mi lára jù. Nísàlẹ̀ lẹ́tà yín, níbi tí mo gé kúrò, ẹ kọ ọ́ bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan pé ẹni tó ni rédíò wá sílé yín ní ọjọ́ kẹjọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó ní òun ò gba owó rédíò, pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti wá gbé e fúnra òun. Àbúrò mi, ìdáhùn ìbéèrè Màmá nìyẹn, ọwọ́ yín ló wà láti ọjọ́ yìí. Bí ẹ bá rántí orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ bá ṣì wà ní Sábó, tàbí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ẹ mú fóònù lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ gba ti Màmá náà: aṣọ tó wọ̀ jáde, ohun tó jẹ kó tó lọ, ẹni tó wá tú ọ̀rọ̀ fún wọn nílé. Bí wọ́n bá sì tún bi yín lálẹ́ òní, ẹ má ní, “Màmá, eré lásán ni.” Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ dárúkọ ọkùnrin yẹn fún wọn.